Níbo ni igi náà wà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà gbé kánfáàsì kan wálé nígbà ìsinmi. Ó ní igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni. Mo wò ó títí, n ò rí ẹ̀ka, n ò rí èso. Àwọ̀ ewé àti pupa rúsúrúsú ló kàn tò jọ, ó sì fi àyè funfun sílẹ̀ káàkiri bí ẹni tí ọ̀dà tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kò mọ igi yà ni? (Bàbá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, sà. Bóyá ó mọ igi yà, ẹ fún un ní pẹ́ńsùlù, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Àwòrán tó gbé wálé yẹn ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Tíṣà kan wà ní Washington, obìnrin aláwọ̀ dúdú, Alma Thomas lorúkọ rẹ̀. Ọdún 35 ló fi kọ́ àwọn ọmọléèwé níṣẹ́ ọnà kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1960. Ó ti ya òdòdó inú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni á rí tí á mọ̀ pé òdòdó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yunifásítì Howard fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1966, tí làkúrègbé sì ti ń dà á láàmú, ó fẹ́ ṣe ohun tí kò ṣe rí. Igi holly kan wà níwájú fèrèsé rẹ̀. Atẹ́gùn ń mi ewé, oòrùn ń gba àárín wọn wọlé. Ó fi igi sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló yà.

Ilé ìdáná àti pálọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, á wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ ọ̀dà ní kékeré kékeré, lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tàbí ní òbìrípo, á sì fi funfun sílẹ̀ láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò balẹ̀ á ti fi ọ̀dà dí i pa! Ìlà pẹ́ńsùlù náà ṣì hàn níbòmíràn, kò pa á rẹ́. Lọ́dún 1972, lẹ́ni 80 ọdún, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ilé àwòrán Whitney ní New York pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ lóun nìkan.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká padà sí máńgòrò yín. Ìgbà wo lẹ wò ó kẹ́yìn nígbà tó ń rúwé tuntun? Pupa rúsúrúsú lewé yẹn máa ń yọ kó tó di àwọ̀ ewé. Ẹ mú ọmọ náà lọ sábẹ́ igi, kó fi ibi tó ti mú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn yín, àti funfun náà. Tí kò bá rí i fi hàn, ẹ tún kọ̀wé sí mi, èmi náà á bá yín bá a wí.