Kí ló dé tí ilé ìpọntí wisikí fi ku mẹ́ta péré ní Campbeltown?

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ o, mẹ́ta péré ló kù. Campbeltown, ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì, ìlú kékeré etí òkun ni, àmọ́ láyé ọjọ́un ilé ìpọntí tó ti wà níbẹ̀ ju 30 lọ, wọ́n tiẹ̀ ń pè é ní olú ìlú wisikí. Ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn wisikí wà nítòsí, wọ́n ń wa èédú lágbègbè yẹn, èbúté náà sì dáa, ọkọ̀ á kàn kó àgbá ọtí gba Glasgow lọ. Ìgbà tí Amẹ́ríkà wá fòfin de ọtí láti 1920 sí 1933, ọjà dẹnu kọlẹ̀, àwọn kan sì ti ń sáré pọn ọtí tí ò dáa (ìyẹn gan-an ló bà wọ́n lórúkọ jẹ́ jù lójú tèmi). Springbank (1828) àti Glen Scotia (1832) ló kù, Glengyle ti kógbá sílé ní 1925 kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2004, Kilkerran ló wà lára ìgò wọn torí ẹlòmíì ti ń lo orúkọ Glengyle. Springbank ṣì ń da báálì tútù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì yí i títí á fi hù.