Orin ló ṣe alárinà, ta ni yóò ṣe ìwádìí?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún un kà. Kí àwọn yòókù lè bá wa lọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Iléṣà lo ń gbé, olùkọ́ ni ọ́, o sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ka ìwé ìtàn kan nípa àjèjì méjì tí òkun là láàrin, tí orin so pọ̀ títí wọ́n fi di tọkọtaya. Kò pẹ́ sí i lo gbọ́ orin Ọ̀ṣun lẹ́nu onílù kan ní Salvador, ní ilẹ̀ Brasil, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. O kọ̀wé sí i pé ìyá ìyá rẹ máa ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Ó fèsì. Láti ìgbà náà, kò sí alẹ́ tí ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ní báyìí ó ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀, kí o wá bá òun kí ọdún Carnaval wọn tó dé. Ìyá rẹ ní àwọn ò gbọ́. Ìwọ ní ìtàn inú ìwé yẹn ló ń ṣẹ sí ọ lára, o wá bi mí pé ṣé kí o lọ.

Má tíì lọ o, má sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò sọ pé ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ kì í ṣe òótọ́.

Mo mọ ohun tó mú ọ nínú orin yẹn. Ijexá ni wọ́n ń pe ìlù tó ń lù, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú, agogo á sì máa dún lé e lórí. Nínú ilé òrìṣà wọn, ìlù Ọ̀ṣun ni. Tó bá di Carnaval, ó ń jáde sí ìgboro: ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1949, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ tẹ̀ lé e. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fòfin fòpin sí oko ẹrú pátápátá ní ilẹ̀ Brasil. Wọ́n na àwọn èèyàn wa, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ mìíràn, síbẹ̀ orin kò kú lẹ́nu wọn. Bí ọmọ Iléṣà bá gbọ́ ọ tí orí rẹ̀ wú, tí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n láyé àwọn ìyá wa, ẹni tó bá so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, alárinà ni. Alárinà mọ ilé ọmọkùnrin, ó mọ ilé ọmọbìnrin, bí nǹkan bá sì dojú rú, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Lẹ́yìn tirẹ̀, ẹbí á ṣe ìwádìí. Ṣé ìdílé ajẹgbèsè ni? Ṣé wọ́n ń lu obìnrin níbẹ̀? Ta ni ìyá ọmọ náà? Orin ti ṣe alárinà fún ọ, ó sì ṣe é dáadáa, àmọ́ kò mọ ilé ọkùnrin yìí. Kò mọ̀ bóyá ó ní ìyàwó, kò mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé tí o kà, òǹkọ̀wé ti ṣe ìwádìí àwọn méjèèjì kí ìwọ tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ṣe tìẹ.

O ní ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù lẹ fi ń sọ̀rọ̀, torí pé orin nìkan ló mọ̀ ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ ti jà rí, ọmọ mi? Mo ń bi ọ́ torí pé inú ìjà ni mo ti mọ ọkọ tèmi.

Wo Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ Bahia tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ ẹrú. Ní 1875 ni bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó, ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 11. Nígbà tó padà sí Salvador, òun ni wọ́n ń lọ bá lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Mãe Aninha pàápàá, ìyálórìṣà tó dá ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1910, ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Martiniano wá bá wa jókòó, ó bá wa jẹun, ó gbọ́ èdè wa. Kí ọkùnrin tìrẹ náà kọ́kọ́ wá. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ni kó dé sí, kì í ṣe yàrá rẹ.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ìyá rẹ dì pọ̀: pé àjèjì ni, àti pé olórìṣà ni. Ìwádìí lè tán èkíní. Èkejì wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ọkùnrin yìí bá jẹ́ alabê, onílù tí wọ́n ti ṣe ètùtù fún nílé òrìṣà, kò lè tìtorí ìyàwó fi í sílẹ̀, má sì gbèrò láti yí i padà. Bi í léèrè ipò tó wà. Sọ fún un pé Sunday rẹ, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kí ẹ jọ sọ ibi tí àwọn ọmọ yín yóò máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ní kó pe ìyá rẹ̀ sórí ìpè fídíò, kí ìyá tìrẹ náà wà níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Potogí. Bí ó bá wá, tí ọkàn àwọn ará ilé balẹ̀, lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọlidé gígùn, kí owó àbọ̀ wà lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ. Bí ó bá sì ń wá àwáwí tí kò fẹ́ kí o rí ìyá rẹ̀, má fi ìwé tàbí orin tàn ara rẹ, ọmọ mi. Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí àwọn ìyá méjèèjì bá ti rí ojú ara wọn.

Èmi ni Ìyá yín.