Èsì: Ètò ọjọ́ iwájú fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣaralóge

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ yín ní Ìbàdàn yóò fi ṣáájú nínú ètò ẹ̀ka ìṣaralóge. Lójú tèmi, ìmọ̀ nípa awọ ara àti kẹ́míkà ni, nítorí pé sodium hydroxide tí ó wà nínú àwọn kan lára èròjà tí a fi ń na irun lè jó awọ orí, NAFDAC sì ti fòfin de mẹ́kúrì, kẹ́míkà olóró kan, nínú ìpara. Ẹ má ṣe pa irun dídì bíi ṣùkú tì, iṣẹ́ ńlá ni. Ní ọdún 2011, ìṣaralóge wà lára iṣẹ́ 34 tí ìjọba fi kún ẹ̀kọ́ girama àgbà. Nítorí náà, ẹ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín sọ̀rọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè máa lo yàrá iṣẹ́ yín.