Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Igbó tí a gbìn nílé, báwo ni yóò ṣe gbẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Staten Island ní New York ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, a sì ti gba ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà tipẹ́. Láti ìgbà tí òfin ìpínlẹ̀ ti gbà wá láyè ni a ti ń gbin igi igbó mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ọkọ mi ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, òun ló sì ń bá wọn dín èébì kù kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Lọ́dún tó kọjá, a ká a ní ìparí oṣù kẹsàn-án, a so ó rọ̀ sínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé fún ọjọ́ mẹ́wàá, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un, a sì rò pé ó ti gbẹ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì tí a kó o sínú ìgò lọ tó fi bu. Ṣé kí n sá a sóòrùn lọ́dún yìí ni, àbí kí n fi ààrò yan án? Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó jẹ́ pé káàdì ìgbélùú ló ṣì ń lò, ló máa ń bá mi ká a. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀ fún un?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Iṣẹ́ ìpamọ́ irè oko ni iṣẹ́ mi, mi ò sì ní fi ìdáhùn falẹ̀: ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi ààrò yan án. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn máa ń ba èròjà tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbìn ín jẹ́, ooru ààrò sì máa ń lé oje olóòórùn inú òdòdó rẹ̀, èyí tí ẹ ń ká, lọ kí omi rẹ̀ tó tán. Èyí tó tún burú jù ni pé ooru gíga máa ń tètè mú ẹ̀yìn òdòdó gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣu elùbọ́ tí wọ́n sá lásìkò òjò ṣe máa ń rí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò le koko bí òkúta, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, inú rẹ̀ ti hùkasi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín lọ́dún tó kọjá kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀yìn òdòdó náà ti gbẹ, ọwọ́ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wò sì tàn yín jẹ. Nígbà tí ẹ wá dé ìgò pa, omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ jáde bọ́ sí ẹ̀yìn, kò sì ríbi gbà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò ni ibi tí omi náà ń lọ. Bí ẹ bá ká òdòdó tútù tó wọn kílò méjì, nǹkan bí ìlàjì kílò ni yóò kù tó bá gbẹ tán, èyí tó túmọ̀ sí pé omi tó tó lítà kan àbọ̀ yóò jáde sínú yàrá yín. Ẹ jẹ́ ká ní yàrá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ ní 10, àjà rẹ̀ sì ga ní 8, tí ooru inú rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 65 ti Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 18 ti Celsius. Gbogbo omi tí afẹ́fẹ́ inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè gbé kó tó kún dẹ́nu kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lítà lọ. Kí ọ̀rinrin rẹ̀ tó kúrò ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí ìdá 60, omi tí ó nílò kò ju ṣíbí ìjẹun méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹ wá wo lítà kan àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí méjì. Bí kò bá sí ohun tó ń fa omi náà kúrò nínú yàrá tọ̀sán-tòru, kò sí iye ọjọ́ tí ẹ so ó rọ̀ tí yóò gbẹ dénú.

Fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ kò ràn yín lọ́wọ́ rárá. Ká ní Ìlọrin ni ẹ wà lásìkò ọyẹ́ ni, ń bá sọ pé kí ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹsàn-án ní etí òkun New York, nígbà tí òjò àti ìyókù ìjì líle máa ń gba ibẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ìta lè wà ní dígírì 80 kí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 70%. Bí irú afẹ́fẹ́ yẹn bá wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó wà ní dígírì 65, ńṣe ni omi yóò máa ṣẹ́ sára ògiri, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí kò gbóná kò lè gbé omi tó èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ń gbẹ nǹkan, omi ni ẹ ń bù wọlé. Nítorí náà, ẹ ti fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ náà. Irú rẹ̀ tó mọ níwọ̀n, tí wọ́n ń tà fún yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ti tó. Ó máa ń tú ooru díẹ̀ jáde, ìyẹn kò sì burú, torí pé bí afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 65 pẹ̀lú ọ̀rinrin 75% bá móoru dé dígírì 70, láìfi omi kún un, ọ̀rinrin rẹ̀ yóò wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 63%. Ẹ má kàn jẹ́ kí yàrá náà ju dígírì 70 lọ. Kí ẹ sì fi rọ́bà so ẹ̀rọ náà mọ́ ibi tí omi ń gbà jáde nílé, nítorí pé àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé garawa inú rẹ̀ nìkan ni ó máa ń kún mọ́ lọ́wọ́ láàárín òru, tí ẹ̀rọ yóò dákẹ́, tí wọn kò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ ó tún nílò ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń wọn ọ̀rinrin, ọ̀kan fún yàrá, ọ̀kan fún inú ìgò. Wọn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń parọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ dán wọn wò kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Ẹ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú ìdérí ìgò omi, ẹ kán omi díẹ̀ sí i títí yóò fi rí bí iyanrìn tútù, kí omi má lé téńté lórí rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ilé di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá yẹn yóò dúró sí 75%, nítorí pé ìwọ̀n tí iyọ̀ tó ti mu omi yó máa ń fà á sí nìyẹn nígbà gbogbo. Bí ẹ̀rọ bá kọ 70, ẹ mọ̀ pé márùn-ún ni yóò máa fi dín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ fò nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ìdánwò iyọ̀ yìí ni ń bá mú.

Ní ti kíká rẹ̀, ẹ wá ọjọ́ tí òjò kò tíì rọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan, bí ojú ọjọ́ bá gbà. Kí ẹ tó so ẹ̀ka kankan rọ̀, ẹ ya àwọn ṣírí òdòdó tó tóbi wò. Èébu kan wà tí wọ́n ń pè ní Botrytis, inú ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ewé kékeré kan ṣoṣo tó kú láàárín òdòdó tútù, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fà á, wẹ́rẹ́ ni yóò yọ. Bí ẹ bá ya ibẹ̀, ẹ ó bá inú rẹ̀ tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tí ohun kan bí òwú eérú bò ó. Ẹ gé ṣírí náà kúrò pátápátá pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má dá ibi tó dára sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ já gbogbo ewé ńláńlá dànù, kí ẹ sì gé ẹ̀ka sí kékeré. Àwọn tó ń gbé níbi tí ojú ọjọ́ ti gbẹ máa ń so odidi igi rọ̀ kó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n kò bá ibi tí ẹ wà mu. Ẹ so àwọn ẹ̀ka náà mọ́ okùn láìjẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn, kí inú yàrá ṣókùnkùn, kí fáànù sì máa fẹ́ sí ògiri, kì í ṣe sí òdòdó.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ igbó pé dígírì 60, ọ̀rinrin 60, parí. Ìlànà tó dára ni fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó tutù. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni omi tó pọ̀ jù ń jáde, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rọ sí 50% ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí 55 tàbí 58 kí ìyókù lè jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ó máa ń gbẹ. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ òdòdó mọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín ni kí ẹ tẹ̀. Bí ó bá ń tẹ̀ bí okùn, ó kù. Bí ó bá kán péú, ẹ lè wá ìgò.

Ìgò ló ń sọ òótọ́. Ẹ kó òdòdó sínú rẹ̀ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ bá kọ láàárín wákàtí kan kò tíì mọ omi tó wà ní inú lọ́hùn-ún. Bí ó bá wà láàárín 58 sí 62, ó ti gún. Bí ó bá lé ní 65, ẹ ṣí ìdérí fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì lé ní 70, ẹ dà á jáde lójú ẹsẹ̀ kí ó padà sínú yàrá gbígbẹ, torí pé láti 65 sókè ni èébu ti lè rí ààyè hù. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa ṣí ìgò lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì máa gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí amóníà, ìyẹn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá ti dúró, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, tí a lè tì ní kọ́kọ́rọ́, ni ààyè rẹ̀.

Èyí tó bá bu, ilẹ̀ ni kí ẹ dà á sí. Fífá èébu náà kúrò kò sọ ọ́ di mímọ́, iná tí a fi ń mu ún kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti pa á, bẹ́ẹ̀ ni sísè rẹ̀ kò mú oró tí èébu kan ti tú sínú rẹ̀ kúrò. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá yín sọ òótọ́ nípa bàbá. Oògùn jẹjẹrẹ máa ń dín agbára ara láti gbógun ti àrùn kù, irú ara bẹ́ẹ̀ ni èébu tó ń jẹ́ Aspergillus sì ti ń rí ẹ̀dọ̀fóró jà, nígbà tí ó jẹ́ pé ara ẹni tó le yóò fẹ́ ẹ dànù. Ojú kò lè rí gbogbo rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń gba ìtọ́jú náà, ti ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní yàrá ìdánwò, ni mo fẹ́ kí wọ́n máa lò, kí dókítà tó ń tọ́jú wọn sì mọ̀ sí i. Èyí tí ẹ gbìn lè dúró de ìgbà tí ara wọn bá padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín le ju bí ẹ ti rò lọ. Òfin New York tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2021, pẹ̀lú ìlànà gbíngbìn nílé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 láyè láti gbin igi mẹ́ta tó ti gbó àti mẹ́ta tó ṣì kéré, ẹ̀yin kò sì ṣẹ òfin yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ni kò gbà bẹ́ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń fúnni ní ìwé ọmọ-ìlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, USCIS, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú àti ìwé ọmọ-ìlú, fi ìtọ́sọ́nà síta pé lílọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ igbó lè ba ẹ̀rí ìwà rere tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ-ìlú jẹ́, bí òfin ìpínlẹ̀ tilẹ̀ fàyè gbà á. Kò dìgbà tí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi. Ohun tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè tó. Kí ó má bá yín gbìn ín mọ́, kí ó má bá yín ká a, kí ó sì lọ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ó tó kọ ohunkóhun sórí fọ́ọ̀mù. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì dì í mọ́ ẹrù lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, torí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn NDLEA ni yóò sì pàdé rẹ̀ ní Ìkẹjà.