Akọ Ti Gun Abo: Ṣé Ẹyin Á Pa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Máńtíìsì, kòkòrò tó máa ń ká apá iwájú bí ẹni ń gbàdúrà, ni mo ń sìn. Akọ gun ẹ̀yìn abo lálẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kúrò lára rẹ̀. Abo náà ti yé àpò ẹyin báyìí. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀ pé á pa? Báwo ni mo sì ṣe lè dáàbò bo akọ kí abo má jẹ ẹ́?

ÌDÁHÙN: Yíyé kọ́ ni ẹ̀rí. Abo tí kò rí akọ rí náà máa ń yé àpò ẹyin, bí adìyẹ tí kò rí àkùkọ ṣe ń yé. Ikùn tó tóbi kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí oúnjẹ àti ẹyin ló ń mú un wú. Gígùn nìkan kò sì tó: akọ lè wà lẹ́yìn abo fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìṣe nǹkan kan.

Ìdí wọn ni kí ẹ máa wò. Bí nǹkan bá ti wọ̀, akọ á ká ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ ìdí abo, ìdí méjèèjì á sì so pọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Tí wọ́n bá já, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí abo. Nǹkan funfun kékeré kan á yọ níbẹ̀, ó rọ̀, ó ń dán. Àpò àtọ̀ nìyẹn, kò sí àmì tó dáa tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́, àtọ̀ ṣì ń wọlé láti inú rẹ̀. Kò ní pẹ́ já bọ́, tàbí kí abo fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá jí wò ó láàárọ̀ kì í fi í bá nǹkan kan. Nítorí náà, pé ẹ kò rí i kò ní kí ẹ sọ̀rètí nù.

Ní ti ààbò akọ, ẹ fún abo ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tó bọ́ awọ ìkẹyìn. Ẹ bọ́ ọ yó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi ìrẹ̀ tàbí tata sí i lọ́wọ́ kí akọ tó wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbé akọ sí, kó jìnnà díẹ̀, nínú àpótí tó láyè tó sì ní igi púpọ̀. Bí wọ́n bá ti tú ká, ẹ tètè yọ akọ. Tí abo bá bu orí akọ jẹ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fà wọ́n ya: orí ló ń kó ìdí akọ níjàánu, nítorí náà akọ tí kò lórí mọ́ ṣì lè parí iṣẹ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, àpò ẹyin kò tíì pa. Ṣé kí n là á wò?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ óò pa ọmọ inú rẹ̀ ni. Ẹ gbé e kọ́ bí abo ṣe lẹ̀ ẹ́ gan-an, kí orí rẹ̀ má yí sísàlẹ̀. Ẹ máa wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí àyíká rẹ̀, kí ooru ibẹ̀ wà ní nǹkan bí 25 sí 28°C. Ọ̀pọ̀ irú tó ti ilẹ̀ olóoru wá máa ń pa láàárín oṣù kan sí méjì. Ṣùgbọ́n Mantis religiosa, ti ilẹ̀ òtútù, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí òtútù fún oṣù díẹ̀. Bí ti ilẹ̀ olóoru bá kọjá oṣù mẹ́ta láìpa, tí abo sì wà láàyè, ẹ tún wá akọ fún un. Ó ṣì lè yé òmíràn.