Ẹ jẹ́ kí abọ́ máa rìn, kí ọmọ jókòó: eré ìṣirò fún kíláàsì tó kún

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní pírámárì 2 lẹ̀ ń kọ́, àwọn ọmọ lé ní àádọ́ta, bẹ́ǹṣì fún pọ̀, owó ò sí, ẹ sì fẹ́ ṣe kọ́nà ìṣirò bíi tàwọn tẹ́ ẹ rí lórí Facebook, níbi tí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ti jókòó yí tábìlì aláwọ̀ mèremère ká. Ilé ìwé ìjọba lèmi náà wà, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sì sábà máa ń gbé fún mi. Ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé ẹ gbàgbé kọ́nà. Yàrá tí ò ní àyè ìrìn, tẹ́ ẹ bá ti ní kí wọ́n dìde lọ sí kọ́nà kejì, inú títi ara wọn ni ìdajì àsìkò ìṣirò máa bá lọ. Abọ́ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa rìn. Abọ́ oníke kan fún bẹ́ǹṣì kan, eré kan péré nínú abọ́ kan, tó bá dọ̀la abọ́ iwájú á lọ sẹ́yìn, tẹ̀yìn á bọ́ síwájú, kò sí ọmọ tó kúrò ní àyè ẹ̀.

Ohun kejì, òun gan-an ló ká mi lára jù: tíṣà kan ò lè máa yẹ iṣẹ́ àádọ́ta ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ohun tó wà nínú abọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ fún ọmọ fúnra ẹ̀ pé o gbà á tàbí o ò gbà á. Eré tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa wá máàkì ẹ̀ kó tó yé wọn, tẹ́ẹ̀sì nìyẹn.

Abọ́ kìíní, ẹ wo kíréètì ẹyin. Ọgbọ̀n ihò ló ní, márùn-ún lọ́nà mẹ́fà. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e sí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò márùn-ún lọ́nà méjì, ìyẹn mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ 8 àti 5, ọmọ á kó ìdérí ike mẹ́jọ sínú ọ̀kan, márùn-ún sínú ìkejì, á wá mú méjì nínú márùn-ún yẹn lọ dí ihò méjì tó ṣófo lọ́hùn-ún. Mẹ́wàá ti kún, mẹ́ta ló kù, 13, kò ka ìka ọwọ́ rárá. Bó bá sì tò 16 sínú ègé kíréètì méjì, ihò mẹ́rin tó ṣófo ló máa rí, bá a ṣe ń kà á lédè wa náà nìyẹn, mẹ́rin dín ní ogún. Ìdérí ike omi tàbí mínírà ni kẹ́ ẹ lò o, onírin máa ń ge ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má sì kó ẹ̀wà tàbí àgbàdo síbẹ̀, kòkòrò á jẹ ẹ́, eku á sọ kíláàsì yín dilé tí ìwé bá ti parí.

Abọ́ kejì, ìgbálẹ̀ àti rọ́bà. Ẹ gé ọwọ̀ náà ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kó má gún ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọ á ju dáìsì lúdò méjì, iye tó bá bọ́ ló máa mú, tó bá ti pé mẹ́wàá kó fi rọ́bà dì í, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní ìdì mẹ́wàá ló jẹ. Tí èyí bá ti mọ́ wọn lára, ẹ yí i padà: kí olúkúlùkù mú ìdì mẹ́rin àti ẹyọ mẹ́ta, 43, kí wọ́n máa ju dáìsì kí wọ́n máa dá iye tó bá bọ́ padà sínú abọ́. Ẹni tó ju 7, ẹyọ mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, á wò ó, á wò yín lójú. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹnì kan lára wọn á pariwo "tú u!", á tú ìdì kan, ẹyọ á di 13, á yọ 7, á ku ìdì mẹ́ta àti ẹyọ mẹ́fà, 36. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá fagi lé 4 lórí bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ sọ ọ́ di 3, ọmọ yẹn ti mọ ohun tẹ́ ẹ tú. Tí òbí kan bá ní tẹ́tẹ́ ni dáìsì, ẹ má bá a jà, ẹ kọ nọ́ńbà sórí páálí kéékèèké, kí wọ́n máa mú un nínú ọ̀rá.

Eré ìsọ̀ náà dáa, àmọ́ bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni kó wà, torí gbogbo wọn ló máa fẹ́ tajà. Agolo mílíìkì, páálí ọṣẹ, owó tẹ́ ẹ gé láti ara bébà: 5, 10, 20, 50, 100. Ọjà jẹ́ 65 náírà, oníbàárà mú 100 wá (mo mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n ń tà ní 65 mọ́, iye tí wọ́n lè kà ni mò ń bá lọ). Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n kà á sókè: ẹ gba 5, ó di 70, ẹ gba 10, ó di 80, ẹ gba 20, ó pé 100. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń tajà ti mọ èyí ṣáájú yín, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣe ọlọ́jà, inú mi máa ń dùn gan-an láti rí ọmọ tí kì í nawọ́ nínú kíláàsì tó ń kọ́ àwọn yòókù ní ṣẹ́njì.

Ayò ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó di pírámárì 3: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ 48.

Wọ́n máa bi yín pé ṣé eré lẹ̀ ń ṣe ni. Hẹ́dímásítà kan ti dá tèmi dúró rí torí ariwo, ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú ìwé àwọn ọmọ. Torí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ṣe: ìlà gígùn fún ìdì, àmì tóótòòtó fún ẹyọ, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sísàlẹ̀ ẹ̀. Ọ̀gá á rí iṣẹ́, ọmọ náà á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sórí ìwé díẹ̀díẹ̀.

Kíréètì nìkan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ lọ bá àwọn tó ń se Indomie lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n máa ń da kíréètì nù dáadáa, wọ́n á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.