Kí egungun má ṣẹ́ ò ní kí ẹsẹ̀ tó rọ́ ti san

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní o fẹsẹ̀ rọ́ níbi tó o ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ wú, ẹ̀gbẹ́ ìta ẹ̀ ti ń dúdú, àmọ́ o ṣì ń tiro rìn, o wá ń béèrè bóyá kó o lọ rí dókítà ni àbí kó o fún un láyè kó san fúnra ẹ̀. Lọ. Tó o bá sì débẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n ya X-ray nìkan kí wọ́n ní kó o máa lọ sílé.

Ohun tójú mi rí ni mo ń sọ yìí o. Nígbà tí tèmi rọ́, ẹsẹ̀ yí sínú, mo gbọ́ tí nǹkan dún "pọ́" níbẹ̀, nígbà tó fi máa di alẹ́ ó ti wú débi pé kókósẹ̀ ò hàn mọ́. Wọ́n ya X-ray, ẹni tó wò ó ní egungun kankan ò ṣẹ́, ó wé bándéèjì mọ́ ọn, ó kọ oògùn ìrora, ó ní kí n lọ sinmi, ó parí. Kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé X-ray kì í fi iṣan tó so egungun pọ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ iṣan yẹn gan-an ló máa ń já tí ẹsẹ̀ bá rọ́, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ físíò, ìyẹn ẹni tó máa ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé tó fara pa. Wíwú lọ, ìrora lọ, àfi bí ẹsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ mọ́ mi lábẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ o, òkúta kékeré báyìí á sì fẹ́ gbé mi ṣubú, ó pẹ́ gan-an kí n tó dé ọ̀dọ̀ físíò tó mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ti X-ray yẹn náà, ó ní bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó nílò ẹ̀. Àwọn dókítà kan ní Ottawa ní Kánádà ló gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 1992, ọ̀pọ̀ ọsibítù káàkiri ayé ló ń lò ó. Wọ́n á wò ó bóyá o lè gbé ìṣísẹ̀ 4 lórí ẹsẹ̀ yẹn, bó ṣe rọ́ gẹ́lẹ́ àti nígbà tó o dé iwájú wọn, kódà kó o tiro, ó kà. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìka tẹ egungun kókósẹ̀ tòde àti tinú, láti ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6, wọ́n á tún tẹ egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ẹsẹ̀ lápá ìka tó kéré jù, àti ọ̀kan lápá inú, níwájú kókósẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orí egungun gan-an ló ti ń dùn ẹ́, tàbí o ò lè gbé ìṣísẹ̀ 4 yẹn nígbà méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ ya X-ray. Tó bá jẹ́ pé inú ẹran tó rọ̀ nìkan ló ti ń dùn ẹ́ tó o sì ń rìn, ó ṣòro kí egungun ti ṣẹ́. Àmọ́ ẹni tí àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kú tí kì í mọ ìrora dáadáa mọ́, tàbí ẹni tó mutí yó nígbà tó ṣubú, kó má fi ìyẹn dán ara ẹ̀ wò o, kó jẹ́ kí dókítà pinnu.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró dilẹ̀ mọ́ rárá. Tí ẹsẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìka ẹsẹ̀ bá tutù tàbí ó funfun tàbí o ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí egungun yọ síta, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gbé ẹ lọ. Tó bá sì di ọjọ́ mélòó kan tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wá wú, tó gbóná, tó ń dùn ẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ìyẹn náà ò gba sùúrù, tí èémí bá tún wá ń há ẹ, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kó o tó lọ, gbé ẹsẹ̀ yẹn sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà ẹ lọ, fi aṣọ wé yìnyín kó o gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, má gbé yìnyín lé awọ ara lásán. Tó o bá wé bándéèjì, máa wo ìka ẹsẹ̀, tó bá ti ń dúdú tàbí ó ń ta ẹ́ ṣírín-ṣírín, tú u. Jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ tàbí fà á tàbí fi omi gbígbóná jó o láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ìyẹn máa ń jẹ́ kó wú sí i ni.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, sọ fún un pé kó yẹ iṣan wò. Físíò tèmi di ojúgun mi mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di gìgísẹ̀ mú, ó fà á síwájú díẹ̀díẹ̀, ó tún ṣe ti ẹsẹ̀ kejì kó lè fi wéra, èmi fúnra mi rí i bí eléyìí ṣe ń jáde ju ìkejì lọ. Tí ẹsẹ̀ bá ṣì wú gan-an, kò rọrùn láti mọ̀, torí náà tí wọ́n bá ní kó o padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 4 sí 7, padà lọ lóòótọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n máa mọ̀ ọ́n dáadáa bóyá iṣan kàn fà ni, tàbí ó já díẹ̀, tàbí ó já pátápátá. Èyí tó já pátápátá pàápàá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gba iṣẹ́ abẹ, má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ẹ́. Tó bá jẹ́ pé òkè ọrùn ẹsẹ̀ ló ti ń dùn ẹ́, láàárín egungun méjèèjì, pàápàá tí wọ́n bá yí ẹsẹ̀ ẹ síta, sọ ọ́ jáde, irú ìyẹn máa ń pẹ́ ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ, ìtọ́jú ẹ̀ sì yàtọ̀.

Físíò wá ni ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Iṣan yẹn ló máa ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, tó bá ti fara pa, ọpọlọ ò tètè gbọ́ mọ́, ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń yẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ tó dáa, kí n di ojú, mo dúró. Ó ní kí n ṣe ti èyí tó rọ́, kíá ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ní láti di tábìlì mú. A bẹ̀rẹ̀ látorí kí n máa fi ìka ẹsẹ̀ kọ A B D lójú afẹ́fẹ́, ó di kí n máa fi rọ́bà fà á sọ́tùn-ún sósì, kí n máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí n máa dúró lẹ́sẹ̀ kan tí mo bá ń fọ eyín. Ìgbà tí ìrora bá ti lọ tán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa á tì, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ló yẹ kó o tẹra mọ́ ọn, torí ẹsẹ̀ tó bá ti rọ́ rí, ó máa ń rọrùn fún un láti tún rọ́. Tó o bá máa ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí sáré, béèrè brace, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń wọ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kó má bàa yẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń so okùn ẹ̀, kó o lò ó fún oṣù mélòó kan.

Tó o bá sì ṣe gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tó ṣì ń dùn ẹ́ nínú lọ́hùn-ún, tó ń há, tàbí tó ṣì ń yẹ̀, padà lọ bá wọn kó o béèrè MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tó máa ń fi ohun tí X-ray kì í rí hàn. Egungun tó wà ní ìsàlẹ̀ ojúgun náà ní ohun tó bò ó lórí, ìyẹn lè ti fara pa lọ́jọ́ tó rọ́ yẹn kí X-ray àkọ́kọ́ má sì rí i.